Ta Ló Túmọ̀ Ìwé Tí Ẹ Kà Yẹn?

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní ẹ̀ka wa yìí, mo dójú ti ara mi níwájú ènìyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì, a ń jiyàn lórí Crime and Punishment, ìwé ìtàn àròsọ tí Fyodor Dostoevsky gbé jáde ní 1866. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ní ìwé náà kò dùn, pé ó gbẹ bíi pánla, pé àwọn òyìnbó kàn ń pọ́n ọn lé lásán ni. Ọmọ kíláàsì wa kan wá bi mí pé kí ni mo rò nípa àlá ẹṣin. Mo ní, "Àlá ẹṣin wo?" Gbogbo wọn yíjú wò mí. Ó ṣàlàyé pé ní apá kìíní ìwé náà, Raskolnikov lá àlá pé òun padà di ọmọdé, ó sì rí àwọn ọ̀mùtí tí wọ́n ń lu abo ẹṣin kan títí ó fi kú, òun ọmọdé náà sì sunkún, ó dì mọ́ orí òkú ẹṣin náà. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rántí rẹ̀. Èmi nìkan ni n kò kà á rí.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa, pé àkópọ̀ rẹ̀ ni mo lọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ mo kà á láti páálí dé páálí! Ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ni mo ti rà á. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti ya dànù, n kò rí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, èmi náà kò sì ronú pé ó yẹ kí n wá a. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí ojúlówó rẹ̀, ìgbà náà ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí mo rà jẹ́ èyí tí wọ́n gé kúrú fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kò tó 200 ojú ewé, nígbà tí ìwé náà gan-an ní apá mẹ́fà àti ọ̀rọ̀ ìkádìí, tó sì ju 400 ojú ewé lọ. Àlá ẹṣin wà lára ohun tí wọ́n gé sọnù. Lẹ́tà gígùn tí ìyá Raskolnikov kọ sí i, wọ́n fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo dípò rẹ̀. Mo ti bú Dostoevsky nítorí ohun tí ẹlòmíràn fi ọ̀bẹ ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ pé ìwé àwọn ará Rọ́ṣíà le, pé kò wọni lára, kò tíì bá Tolstoy tàbí Dostoevsky pàdé. Atúmọ̀ kan ni wọ́n bá pàdé, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, yóò béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka tó ń kọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Ẹ ní sùúrù fún mi, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí púpọ̀ nínú wa ń kà láì mọ̀ ni Constance Garnett. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n bí i ní 1861, ó kú ní 1946. Inú oyún ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Rọ́ṣíà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó sá kúrò nílùú wọn nítorí òṣèlú. Kó tó gbé kálàmù sílẹ̀, ó ti túmọ̀ nǹkan bí 70 ìdìpọ̀ ìwé: Turgenev, Tolstoy, Dostoevsky, Chekhov, Gogol. The Brothers Karamazov tirẹ̀ jáde ní 1912, Crime and Punishment ní 1914. Nítorí pé àwọn ìwé náà ti pẹ́, òfẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn lórí Project Gutenberg, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn PDF tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Bí ẹ bá rí "Romanovitch" tó ní t láàárín, tàbí "Dounia" níbi tí àwọn mìíràn ń kọ "Dunya", kò sí àní-àní púpọ̀, ìyá náà ni.

Àwọn ènìyàn ti bú obìnrin yìí púpọ̀. Vladimir Nabokov kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Joseph Brodsky, akéwì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel, sọ pé ìdí tí àwọn tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín Tolstoy àti Dostoevsky ni pé kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn ni wọ́n ń kà, Constance Garnett ni. Ṣùgbọ́n Ernest Hemingway ní ẹ̀rí tirẹ̀: ó ní àìmọye ìgbà ni òun gbìyànjú láti ka War and Peace tí kò ṣeé ṣe, àfi ìgbà tí òun rí èyí tí Garnett túmọ̀.

Èmi gba ti àwọn méjèèjì gbọ́, ó sì yé mi ìdí tí wọn kò fi bára mu. Garnett ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó mọ́, tó rọra ń lọ, tí kì í pariwo. Bí ó bá jẹ́ Chekhov ló ń túmọ̀, ẹ óò gbádùn rẹ̀ dé ọ̀run, nítorí Chekhov fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Ṣùgbọ́n Dostoevsky ń kọ̀wé bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ léraléra, gbólóhùn rẹ̀ máa ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń tọrọ àforíjì, ó tún ń bínú. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "lójijì" kì í wọ́n nínú Crime and Punishment, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ojú ewé tí ẹ kò ní rí i. Garnett gbé gbogbo èyí, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kalẹ̀ dáadáa. Aṣọ náà wá jọ aṣọ ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ènìyàn méjì ni.

Ní 1990, tọkọtaya kan, Richard Pevear àti Larissa Volokhonsky, gbé The Brothers Karamazov tiwọn jáde. Ìyàwó ni ó ni èdè Rọ́ṣíà, ọkọ ni ó ni Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó á kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ọkọ á wá fún un ní ìrísí. Wọ́n fi àwítúnwí náà sílẹ̀, wọ́n fi ìkọsẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí Oprah Winfrey sì mú Anna Karenina tiwọn fún ẹgbẹ́ òǹkàwé rẹ̀ ní 2004, gbogbo ayé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Àwọn náà kò bọ́ lọ́wọ́ èébú: ní 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Gary Saul Morson, kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan láti sọ pé wọ́n ń ba àwọn ìwé náà jẹ́, pé àwàdà inú rẹ̀ ti kú sí wọn lọ́wọ́. Mo ti ka Karamazov lọ́wọ́ méjèèjì. Ti Pevear àti Volokhonsky mú mi láyà jù, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, àwọn ibì kan wà tí mo ní láti ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé mi, tí mo sì padà sọ́dọ̀ Garnett bí ẹni tó sá lọ bá ìyá àgbà.

Ìyẹn nípa Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yí mi lójú padà pátápátá kò tilẹ̀ sí nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kàwé ẹnjiníà ní Moscow láyé ìjọba Soviet, ní yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba sọ. Títí di òní, bí inú bá bí i, Rọ́ṣíà ló fi ń ṣépè. Mo lọ kí i nígbà ìsinmi, mo gbé ìwé mi dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ẹ̀dà tirẹ̀ jáde, èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó bi mí pé, "Nígbà tí Raskolnikov bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣé 'o' ló ń lò fún un ni àbí 'ẹ'?"

Mo ní, "Bàbá, 'you' ni wọ́n kọ síbí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. 'Ẹ' ló ń lò fún un. Apànìyàn ni o, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé."

Ní èdè Rọ́ṣíà, arọ́pò-orúkọ méjì ló wà fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀: *ty* àti *vy*. *Ty* ni ìwọ, *vy* ni ẹ̀yin, ẹ sì lè lo *vy* fún ẹnì kan ṣoṣo láti fi ọ̀wọ̀ hàn tàbí láti fi hàn pé ẹ jìnnà síra yín. Ṣé ẹ̀ ń rí i báyìí? Ohun tí a fi ń kí ara wa láràárọ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ tirẹ̀ nù láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó wá ṣí ìwé náà sí apá karùn-ún, níbi tí Raskolnikov ti jẹ́wọ́ fún Sonya pé òun ni òun pa ìyá arúgbó tó ń gba ẹrù ṣe ìdógò kó tó yáni lówó, òun náà ni òun sì pa àbúrò rẹ̀, Lizaveta. Ọmọ ọdún 18 ni Sonya, ẹni ọdún 23 ni Raskolnikov. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, *vy* ni Sonya ń lò fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, tó fò mọ́ ọn lọ́rùn, *vy* náà ló ṣì fi kígbe. Nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, bó ti ń káàánú rẹ̀, *ty* ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó yí i padà, Dostoevsky náà kò dúró ṣàlàyé rẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ọmọbìnrin náà ti pinnu pé òun kò ní fi í sílẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "you" ni mo rí, "you" ni mo tún rí, mo sì ṣí ojú ewé náà kọjá.

N kò dá àwọn atúmọ̀ náà lẹ́bi. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹni tí kò ní ọ̀bẹ kò lè gé ẹran. Ṣùgbọ́n àwa ní ọ̀bẹ náà nílé, a fi í pamọ́ sínú àpótí, a wá ń fi eyín fa ẹran òyìnbó ya.

Ẹ tún wo Anna Karenina. Lẹ́yìn tí Anna jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń fẹ́ ọkùnrin mìíràn, Karenin jókòó láti kọ lẹ́tà sí i. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́. Tolstoy sọ ìdí rẹ̀: bí ó bá lo *vy* ti Rọ́ṣíà fún aya rẹ̀, yóò tutù jù, bẹ́ẹ̀ *vous* ti Faransé kò ní òtútù bẹ́ẹ̀ nínú. Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì á ka àlàyé yìí bí ẹni ka ẹ̀kọ́ gírámà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ tó ti ń sọ "o" fún ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, tó wá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀": ilé ti dàrú nìyẹn, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ.

Porfiry ńkọ́, ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn náà? Ó ń pe Raskolnikov ní bàbá kékeré, ó sì ń so ìró kékeré kan mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìró tó dà bíi "sà" tí a máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Ẹ rántí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó ń pè yín ní "ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá mi, ẹ má bínú sà", tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín mú. Porfiry gan-an nìyẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn jọ ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jù.

Orúkọ náà ń lé àwọn ènìyàn sá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ orúkọ gbogbo àwọn ènìyàn inú ìwé náà sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó má baà sọnù, ó wá kọ Dunya àti Avdotya Romanovna lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dúró títí dé apá kẹrin kí àwọn méjèèjì tó pàdé. Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n! Rodya lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni Rodion Romanovich lẹ́nu Porfiry, Romanovich kò sì ju ọmọ Roman lọ. Bẹ́ẹ̀ bàbá èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, Adéwálé ni lórí ìwé ẹ̀rí, Wálé ni fún ọ̀rẹ́, orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà ni àwọn aládùúgbò fi ń pè é, ó sì ń di Àkànní bí màmá rẹ̀ bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣì í mọ̀ rí nínú ilé wa. Àwọn atúmọ̀ kan ń dín orúkọ náà kù láti ran òǹkàwé lọ́wọ́, mo mọ̀ pé inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ yọ Àkànní kúrò nínú ilé wa, ẹ ti yọ màmá àgbà nìyẹn.

Mo gbà pé èdè wa kò bá tiwọn mu tán. Ọjọ́ orí ni "ẹ" tiwa kọ́kọ́ ń wò, *vy* tiwọn sì sábà máa ń wo ìjìnnà. Ibi tí Sonya ti sọ *vy* di *ty* nítorí àánú, bí a bá kàn sọ "ẹ" di "o" níbẹ̀ lédè Yorùbá, yóò jọ pé ó fẹ́ bá a jà ni. Atúmọ̀ Yorùbá ní láti wá nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn, bóyá orúkọ ìkẹ́, bóyá oríkì, kí àánú náà lè hàn. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni, a sì ti rí àwọn tó ṣe irú rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ eré Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, di Ikú Olókùn Ẹṣin, ẹni tó bá kà á yóò rò pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣóyínká náà ti gbé Fágúnwà lọ sí òdìkejì: Igbó Irúnmalẹ̀ di igbó ẹgbẹ̀rún ẹbọra ní 1968, àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa kò sì tíì dárí ẹgbẹ̀rún yẹn jì í. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré Gogol, The Government Inspector, ó gbé e wá sí Nàìjíríà, ó pe tirẹ̀ ní Who's Afraid of Solarin? Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn alákòóso ìlú Rọ́ṣíà tó ń jẹ owó ìlú kò ṣe àjèjì sí wa rárá.

Àkọlé ìwé Dostoevsky yìí gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. *Prestuplenie* ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n tú u: *pre* ni kíkọjá, ìyókù jẹ mọ́ ìgbésẹ̀. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kọjá ààlà. Ìwé náà kún fún ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí Raskolnikov ń bi ara rẹ̀ títí ni bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́sẹ̀ kọjá. Gẹ̀ẹ́sì wò ó, ó pè é ní ọ̀rọ̀ tó jọ ti ilé-ẹjọ́. Àwa ńkọ́? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa tipẹ́: ìrékọjá. Àwọn ìyá wa ń fi í gbàdúrà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tó ń fi PDF ránṣẹ́, ẹ má ṣe yọ ojú ewé tó ní orúkọ atúmọ̀ nínú. Bí ẹ bá ń kọ iṣẹ́ ilé, tí ẹ fi Tolstoy ṣe àpẹẹrẹ, ẹ kọ orúkọ atúmọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé owó kò sí, pé ẹ̀dà tuntun kan lè gba owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Garnett òfẹ́ sàn ju àìkà lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé odindi ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé. Àwọn ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ kí a ka orí kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka orí kìíní náà lọ́wọ́ atúmọ̀ méjì, ẹ wo èyí tó bá etí yín mu, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kejì lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ èdè. Àpilẹ̀kọ ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ìpolówó oògùn la ń túmọ̀ láti ọdún kìíní. Ẹ fún wa ní ojú ewé méjì péré nínú Chekhov.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi. Ìjẹ́wọ́ Sonya yẹn ni mò ń túmọ̀. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ń fi fóònù ka Rọ́ṣíà sí mi létí ní alaalẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ti ṣe ojú ewé mẹ́ta, a ti jà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí Sonya kàn sọ "ìwọ", kó sì parí síbẹ̀, pé ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀. Èmi ní kí ó pè é ní "ọmọ ìyá mi" kó tó sọ ọ́. Ó ní Sonya kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Òótọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò tíì pa á rẹ́ ṣá o.